Ẹ bá mi yan ìwé: oṣù àṣà àwọn Hispanic ti dé ní kíláàsì ọmọ mi

Ìyá Àdùkẹ́ (Houston)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìrànlọ́wọ́ ni mo ń wá.

Ọmọ mi obìnrin ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kíláàsì kẹrin ló wà. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ni wọ́n máa ń ṣe oṣù àṣà àwọn Hispanic níbí, ìyẹn àwọn tí ìran wọn ti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípáníìṣì wá. Olùkọ́ wọn ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan jókòó pẹ̀lú òbí rẹ̀, kí wọ́n jọ ka ìwé kan, kí ọmọ sì wá sọ ohun tó bá pàdé níbẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àwọn ọmọ Mẹ́síkò, Honduras àti El Salvador ló pọ̀ jù ní kíláàsì yẹn. Ọmọ Mẹ́síkò ni ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ọmọ mi. Ilé wọn ló máa ń lọ tí mo bá ṣì wà níbi iṣẹ́, ìyá àgbà ilé yẹn ló sì ń fún un lóúnjẹ. Lọ́dún tó kọjá mo sáré ra ìwé kan, àkẹtẹ̀ ńlá àti ata ló kún inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Màmá àgbà yẹn ṣí i, ó wo ojú ìwé méjì, ó rọra pa á dé, ó ní "gracias" (ẹ ṣeun), ó gbé e padà fún mi. Ojú tì mí gan-an. Mi ò fẹ́ kí irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀.

Ohun kejì: àwa obìnrin mẹ́jọ kan wà tá a jọ ń kàwé lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Èmi ló kàn láti yan ìwé. Mi ò gbọ́ Sípáníìṣì, torí náà ìwé tí wọ́n kọ tàbí tí wọ́n túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ni mo lè kà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n gbé dání?

Akéwì Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, mà. Ìdáhùn mi ò gùn. One Hundred Years of Solitude ti Gabriel García Márquez ni kí ẹgbẹ́ yín kà. Ọdún 1967 ló jáde, ọdún 1982 ni wọ́n sì fún ọkùnrin náà ní ẹ̀bùn Nobel. Tí ẹ bá fẹ́ ìkejì, ẹ mú ìwé Jorge Amado ti Bràsíl, torí ọ̀rọ̀ Bahia, ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀, ò jìnnà sí tiwa. Ní ti oṣù yẹn, ààrẹ Reagan ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1988.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà (Chicago)

Ẹ̀gbọ́n Akéwì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún ibi méjì ṣe. Ọdún 1968 ló bẹ̀rẹ̀, nígbà ààrẹ Lyndon Johnson, ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n sì ń ṣe nígbà yẹn. Reagan ló fọwọ́ sí i ní 1988 pé kó di oṣù kan gbáko. Ìdí tó fi bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù ni pé ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ni Guatemala, Honduras, El Salvador, Nicaragua àti Costa Rica ń ṣe àjọ̀dún òmìnira wọn ti ọdún 1821. Ti Mẹ́síkò bọ́ sí ọjọ́ 16, ti Chile bọ́ sí ọjọ́ 18. Ìkejì, Potogí ni wọ́n ń sọ ní Bràsíl. Ọmọ Bràsíl lè pe ara rẹ̀ ní Latino, ìyẹn ẹni tí ìran rẹ̀ ti Látìn Amẹ́ríkà wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Hispanic ò bá a mu. Ìwé Amado dára, oṣù yìí ni kì í ṣe tirẹ̀.

Ìyá Àdùkẹ́, ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní láíbìrì, apá tàwọn ọmọdé ni mo wà. Fún ọmọ yín, tètè wá Alma and How She Got Her Name. Juana Martinez-Neal, ọmọ Peru, ló kọ ọ́, òun náà ló ya àwòrán inú rẹ̀. Ọdún 2018 ló jáde. Ọmọbìnrin kan ni Alma Sofia Esperanza José Pura Candela. Orúkọ mẹ́fà! Tó bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, bébà kì í gbà á. Àfi kó fi téèpù lẹ bébà mìíràn mọ́ ọn létí. Ó wá lọ fẹjọ́ sun bàbá rẹ̀ pé orúkọ òun ti gùn jù. Bàbá rẹ̀ mú un jókòó, ó ń sọ ẹni tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ti wá fún un: Sofia ni ìyá àgbà tó fẹ́ràn ìwé, José ni bàbá àgbà tó ń ya àwòrán, Pura ni ẹni tó gbà pé àwọn tó ti lọ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ẹ fojú inú wò ó ná, ọmọ Yorùbá tí wọ́n sọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, tí bàbá àgbà, ìyá àgbà, àbúrò bàbá, oníkálùkù fún lórúkọ tirẹ̀! Mo ti ka ìwé yìí fún àwọn ọmọ wa níbí àìmọye ìgbà, kò sí ìgbà kan tí ọmọ kan ò ní dìde sọ pé, "Orúkọ tèmi náà pọ̀."

Tí ẹ bá fẹ́ èyí tó gùn, tẹ́ ẹ lè máa kà díẹ̀díẹ̀ lálaalẹ́, Esperanza Rising ti Pam Muñoz Ryan ni. Ọdún 2000. Ọmọ olówó ni Esperanza, oko àjàrà ni bàbá rẹ̀ ní ní Aguascalientes ní Mẹ́síkò. Ó ku ọ̀la kó ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni àwọn olè pa bàbá náà. Ilé jóná, òun àti ìyá rẹ̀ sá gba ilẹ̀ Texas, níbẹ̀ ni wọ́n ti di alágbàṣe lóko. Ìtàn ìyá àgbà òǹkọ̀wé náà gan-an ló fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Orí kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ èso tàbí ewébẹ̀ tí wọ́n ń kórè lásìkò yẹn. Ohun tó máa ń dá mi dúró níbẹ̀ ni aṣọ ìbora tí ìyá àgbà ń fi òwú hun: ó ń kọ́ ọmọ náà pé kó ka ojú òwú mẹ́wàá gòkè bí ẹni gun òkè, kó fi ẹyọ kan kún un lórí òkè, kó sì ka mẹ́sàn-án sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì. Nígbà tí wọ́n bá dé ibi ìyà, ọmọ náà á tún gbé aṣọ yẹn, á bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Tísà Peckham

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀ṣà, Califonia ni wọ́n lọ, kì í ṣe Texas. Àfonífojì San Joaquin ni àgọ́ àwọn alágbàṣe yẹn wà, lásìkò tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà wó lulẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. Ó sì yẹ kí ìyá ọmọ mọ̀ ṣáájú pé ikú bàbá wà níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ìyá náà sì ṣàìsàn gidi. Wọ́n tún kó àwọn ọmọ Mẹ́síkò sínú ọkọ̀, wọ́n dá wọn padà, títí kan àwọn tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà. Nílé ọ̀rẹ́ ọmọ yín, ọ̀rọ̀ ìdápadà yẹn lè máà jẹ́ ìtàn àtijọ́. Mi ò ní kí ẹ má kà á o. Ẹ kọ́kọ́ kà á fúnra yín ni.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà (Chicago)

Òótọ́ ni, Califonia ni. Ẹ ṣeun, Tísà. Mo fara mọ́ ohun tí ẹ sọ nípa kíkà á ṣáájú.

Alhaja Dallas

Ẹ wá Too Many Tamales ti Gary Soto fún ọmọ yẹn, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ọdún 1993 ló ti jáde, wọ́n ṣì ń kà á. María ń bá ìyá rẹ̀ po àgbàdo fún tamales (oúnjẹ àgbàdo tí wọ́n ń wé sínú èèpo) ọdún Kérésìmesì, ó yọ́ òrùka dáyámọ́ǹdì ìyá rẹ̀ wọ̀. Nígbà tó yá, òrùka ò sí lọ́wọ́ mọ́. Ó gbà pé inú tamales ló wà, òun àtàwọn ọmọ ẹbí rẹ̀ bá jókòó ti gbogbo ẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́ tán pátápátá kí wọ́n lè rí òrùka.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ torí iṣẹ́ tó wà nídìí oúnjẹ náà hàn níbẹ̀. Mo ti bá àwọn obìnrin àdúgbò mi ṣe é. A ó rẹ èèpo àgbàdo sómi gbígbóná kó rọ̀, a ó fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ́ àgbàdo tí a pò sí i pẹlẹbẹ, a ó fi ohun tí a fẹ́ sí àárín, a ó ká a, a ó tò ó sínú ìkòkò ní òòró, a ó fi ooru omi sè é. Adìẹ àti ata ni wọ́n máa ń fi sí tèmi torí mi ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ewé eéran pọ́n mọ́ínmọ́ín rí, ọwọ́ rẹ̀ á yára mọ̀ ọ́n.

Ìyá Àdùkẹ́ (Houston)

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ti kọ Alma sílẹ̀. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní kí n fún ọmọ mi ní The House on Mango Street torí kò gùn, àwọn orí rẹ̀ kúrú. Ṣé ó dáa?

Tísà Peckham

Rárá o, kì í ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Lóòótọ́ ni ó kúrú, orí 44 kéékèèké ni, òmíràn ò ju ojú ìwé kan. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ìwé kékeré, ìwé ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti fipá bá ọmọbìnrin náà lò pọ̀, ọkùnrin tó ń lu ìyàwó wà níbẹ̀, ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ ń lù wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró dìgbà tó bá pé mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Fún ẹgbẹ́ ẹ̀yin obìnrin ńkọ́? Ó dára púpọ̀. Esperanza Cordero ni ọmọ tó ń sọ̀rọ̀, àdúgbò àwọn ọmọ Mẹ́síkò ní Chicago ni. Gbogbo ohun tó ń fẹ́ ni ilé tó jẹ́ tirẹ̀. Sandra Cisneros tó kọ ọ́, Chicago ni wọ́n bí i sí. Ó wá yẹ kí ẹ̀yin ará Houston mọ̀ pé ìlú yín ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1984: Arte Público Press, tó wà ní yunifásítì Houston. Ilé ìtẹ̀wé yẹn kan náà ló ní Piñata Books fún àwọn ọmọdé, púpọ̀ nínú ìwé wọn sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Sípáníìṣì pa pọ̀ lójú ìwé kan. Ẹ wo tiwọn kí ẹ tó náwó síbòmíràn.

Nọ́ọ̀sì Bronx

Ìyá Àdùkẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ yín ka In the Time of the Butterflies ti Julia Alvarez. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Dominican Republic ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí Trujillo, apàṣẹwàá kan, ń jọba níbẹ̀. Ọmọ ìyá mẹ́rin ni wọ́n: Patria, Dedé, Minerva, María Teresa, ìdílé Mirabal. Wọ́n kẹ̀yìn sí ìjọba, wọ́n sì ń pè wọ́n ní Labalábá. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá, 1960, mẹ́ta nínú wọn lọ wo ọkọ Minerva àti ti María Teresa tí wọ́n tì mọ́lé, àwọn èèyàn Trujillo dá wọn lọ́nà bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, wọ́n pa wọ́n. Dedé nìkan ló kù, òun ló tọ́ àwọn ọmọ wọn dàgbà, ọdún 2014 ló tó kú. Ọjọ́ tí wọ́n pa wọ́n yẹn ni àjọ UN fi ṣe ọjọ́ ìlòdìsí ìwà ipá sí àwọn obìnrin títí dòní.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyí. Mo ń di egbò ẹsẹ̀ màmá àgbàlagbà kan tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Màmá yìí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ní wọ́ọ̀dù. Ìwé náà yọ lápò aṣọ iṣẹ́ mi, ó rí i. Ó nawọ́, ó fi ìka kan èèpo ìwé náà, ó ní, "Patria. Minerva. María Teresa." Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Y Rufino", ìyẹn "àti Rufino". Mo béèrè ẹni tó ń jẹ́ Rufino. Awakọ̀ wọn ni, Rufino de la Cruz, wọ́n pa òun náà mọ́ wọn lọ́jọ́ yẹn. Láti ọjọ́ náà ni màmá ti ń bá mi sọ̀rọ̀ tí mo bá ti wọlé. Mi ò gbọ́ ju ìdajì ohun tó ń sọ lọ, ṣùgbọ́n mo máa ń jókòó tì í.

Akéwì Ìbàdàn

Ṣé ìtàn gidi ni ìwé náà, àbí àròsọ?

Nọ́ọ̀sì Bronx

Àròsọ ni, sà, lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ti gidi. Ohun tí àwọn ọmọ ìyá náà ń bá ara wọn sọ nínú ilé, Alvarez ló fi ọkàn tirẹ̀ rò ó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń sọ ìtàn tirẹ̀. Ti María Teresa dà bí ìwé tó ń kọ nǹkan ojoojúmọ́ sí. Bàbá òǹkọ̀wé náà wà lára àwọn tó ń dìtẹ̀ mọ́ Trujillo, ọdún 1960 yẹn kan náà ni wọ́n kó ìdílé wọn sá wá sí New York. Mo rò pé ìyẹn ló jẹ́ kó lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àyìndé Ọ̀yọ́

Ó yà mí lẹ́nu pé a ti sọ̀rọ̀ jìnnà báyìí, kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ Kúbà. Àwa ni Yorùbá! Ẹ̀jẹ̀ wa wà níbẹ̀. Nicolás Guillén, akéwì ńlá Kúbà, sọ nínú ewì rẹ̀ Son número 6 pé Yorùbá ni òun, pé Yorùbá lòun fi ń sunkún. Ó wà nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1947. Lydia Cabrera, obìnrin Havana, jókòó ti àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú, ó kọ ohun tí wọ́n sọ fún un nípa ewé, igbó àti òrìṣà sínú El Monte ní 1954. Títí di 2023 kí odindi rẹ̀ tó jáde ní Gẹ̀ẹ́sì. Òun kan náà ló kọ ìwé àwọn ìtàn ìjàpá ní 1971, ẹ gbọ́ orúkọ tó fún un: Ayapá. Àjàpá wa gan-an ni o! Wọn ò ní J bíi tiwa ni wọ́n ṣe fi Y kọ ọ́, bí wọ́n ṣe kọ Yemọja ní Yemayá, tí wọ́n sì fi Ch rọ́pò Ṣ nínú Changó àti Ochún.

Fún ọmọdé, Drum Dream Girl ti Margarita Engle, ọdún 2015. Ọmọbìnrin kan ní Kúbà tó ń lu bàtá nígbà tí wọ́n ní obìnrin ò gbọdọ̀ lu ìlù. Ìwé tó yẹ kí Àdùkẹ́ gbé lọ nìyẹn, kí wọ́n mọ̀ pé tiwa ni.

Ará Madrid

Ẹ̀gbọ́n Àyìndé, mo júbà, ṣùgbọ́n mi ò gbà.

Àkọ́kọ́, kì í ṣe bàtá. Conga, bongó àti timbales ni ọmọ inú ìwé yẹn ń lù. Ọmọ gidi ló wà nídìí ìtàn náà, Millo Castro Zaldarriaga, ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà àti ti Ṣáínà pọ̀ lára rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ olórin àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Anacaona. Ìwé náà dáa gan-an, ewì ni, àwòrán Rafael López sì mọ́lẹ̀ bí ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí Àdùkẹ́ kà á. Àmọ́ ká kà á torí ọmọ yẹn àti ìlù rẹ̀.

Ìkejì ló ká mi lára jù. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlá tí mo ti ń gbé láàárín àwọn tó ń sọ èdè yìí, òun ni mo fi ń ṣòwò, òun ni mo fi ń bá àwọn ọmọ mi wí. Gbogbo ìgbà tí àwa Yorùbá bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn, Òrìṣà là ń bá lọ. Ará Mẹ́síkò tó wà ní Houston ò mọ Changó rí. Ìyá àgbà yẹn ní ìtàn tirẹ̀, ó ní ẹni mímọ́ tirẹ̀, ó ní àgbàdo tirẹ̀, ó ní èdè tí àwọn baba rẹ̀ lè ti máa sọ kí Sípéènì tó gúnlẹ̀. Tí ọmọ wa bá dìde níwájú àwọn ọmọ Mẹ́síkò, Honduras àti El Salvador, tó ní "tiwa ni àṣà yín", ẹ̀bùn tí a gbé fún wọn lọ́jọ́ àjọ̀dún wọn kọ́ nìyẹn. Àlejò là ń ṣe. Ká jókòó, ká gbọ́ wọn.

Tí a bá wá fẹ́ mọ ibi tí èdè Sípáníìṣì ti pàdé Áfíríkà nítòsí wa gan-an, ẹ wo Equatorial Guinea. Sípáníìṣì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá, 1968, ni wọ́n gbòmìnira. Fernando Po tí àwọn òbí wa ń dárúkọ, Bioko ni wọ́n ń pè é báyìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, pàápàá láti apá ìlà-oòrùn, ló lọ ṣiṣẹ́ lóko kòkó níbẹ̀. Donato Ndongo-Bidyogo kọ ìwé kan ní 1987 nípa ọmọdékùnrin tí àwọn àlùfáà Sípéènì ń kọ́, tí ìran tirẹ̀ náà sì ń fà á lọ́wọ́. Shadows of Your Black Memory ni wọ́n ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì. Juan Tomás Ávila Laurel náà wà, By Night the Mountain Burns: ọmọdé kan ló ń sọ ìgbésí ayé erékùṣù Annobón, iná lórí òkè, àìsàn onígbáméjì, ebi. Mo parí èyí ní ìjókòó ẹyọ kan.

Àyìndé Ọ̀yọ́

Àbúrò, mo gbọ́. Ní ti conga àti bongó, ìwọ lo tọ̀nà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ gba àṣà wọn mọ́ wọn lọ́wọ́. Inú mi ló máa ń dùn, torí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sọnù. Mi ò lè ka Ayapá kí n má da omi lójú. Ṣùgbọ́n òótọ́ lo sọ nípa ọmọ tó dúró níwájú àwọn ará Mẹ́síkò. Fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, mo ṣì dúró lórí Cabrera. Afro-Cuban Tales ni kí wọ́n mú, ìtàn kéékèèké ni. El Monte ti pọ̀ jù fún oṣù kan.

Tísà Peckham

Ẹ̀yin méjèèjì ò takora tó bí ẹ ṣe rò. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kékeré kan kún un fún ẹni tó bá fẹ́ kà á sókè. Fáwẹ̀lì wọn, a, e, i, o, u, kò jìnnà sí tiwa. J wọn dà bíi H wa, José á di "Hosé". Ll dà bíi Y. Ñ dà bíi "ny". H kì í dún rárá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ọjọ́ méjì ṣe é, ẹnu rẹ̀ á mọ́ ọn ju ti ọ̀pọ̀ olùkọ́ lọ.

Akéwì Ìbàdàn

Mo ti gba ìbáwí lórí 1968 àti Bràsíl, ẹ ṣeun. Mo tún fẹ́ dá ara mi lóhùn lórí García Márquez, torí mo ti ronú sí i. Mo ti fi One Hundred Years of Solitude kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì mọ ibi tí wọ́n ti máa ń já bọ́. Orúkọ ni. Ìran méje ni ìtàn ìdílé Buendía, Aureliano ló ń bí Aureliano, José Arcadio ló ń bí José Arcadio; ọ̀gágun kan níbẹ̀ bí ọmọkùnrin mẹ́tàdínlógún, gbogbo wọn ló ń jẹ́ Aureliano. Obìnrin mẹ́jọ tó ń ṣiṣẹ́, tó ń tọ́mọ, oṣù kan ò tó wọn.

Ẹ mú Chronicle of a Death Foretold dípò rẹ̀. Ó jáde ní 1981, ó tinrin, ẹ lè kà á tán láàárín ọjọ́ méjì. Àwọn ìbejì kan fẹ́ pa Santiago Nasar, wọ́n sì ń sọ ọ́ káàkiri ìlú. Apẹran gbọ́, ọlọ́pàá gbọ́, àlùfáà gbọ́. Gbogbo ìlú ló mọ̀, àyàfi ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Ẹni tó bá dàgbà ní ìlú kékeré á mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń délé gbogbo èèyàn kó tó dé ilé ẹni tó ni ín.

Tó bá wá wu ẹgbẹ́ náà, ẹ padà sí Macondo, ìlú inú One Hundred Years of Solitude, lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹ fi oṣù mẹ́ta kà á. Aracataca, ìlú kékeré ní Kòlóńbíà, ni ìyá-ìyá García Márquez ti tọ́ ọ, ó sì sọ pé lẹ́nu rẹ̀ lòun ti kọ́ bí a ṣe ń sọ ohun ìyanu láìyí ojú padà. Ìdí nìyẹn tí ọmọbìnrin kan nínú ìwé náà fi lè gbéra sókè ọ̀run níbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ, tí wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ ilé lọ. Àlọ́ alẹ́ ni. Kò ṣòro fún wa láti gbà.

Nọ́ọ̀sì Bronx

Ohun kan ṣì kù, mi ò ní pẹ́. Láíbìrì kan wà ní Harlem, ní Òpópónà 135. Ní 1921 ni obìnrin aláwọ̀ dúdú kan láti Puerto Rico, Pura Belpré, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, ó ń sọ ìtàn ìyá àgbà rẹ̀ fún àwọn ọmọdé ní èdè méjèèjì. Ní 1926, láíbìrì náà gba àkójọ ìwé Arturo Schomburg, òun náà ọmọ Puerto Rico, tí wọ́n ní olùkọ́ rẹ̀ kan sọ fún un ní kékeré pé àwọn èèyàn dúdú ò ní ìtàn. Ó fi gbogbo ayé rẹ̀ wá ìwé. Àwọn méjèèjì ní ìwé àwòrán ọmọdé: Planting Stories fún Belpré, Schomburg: The Man Who Built a Library fún Schomburg. Ẹ̀bùn ìwé ọmọdé tí wọ́n sọ lórúkọ Belpré ti wà láti 1996. Ẹ wá àmì rẹ̀ lára èèpo ìwé tí ẹ bá wà ní láíbìrì tí ẹ ò mọ èyí tí ẹ ó mú.

Ìyá Àdùkẹ́ (Houston)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Alma la mú. Èmi àti Àdùkẹ́ kà á lórí àga lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tó dé ibi tí Alma ti ń fi téèpù lẹ bébà, ó dìde, ó lọ mú bébà àti téèpù tirẹ̀ wá. Ó kọ Àdùkẹ́, ó ní kí n sọ ìyókù. Mo sọ orúkọ tí bàbá mi fún un, èyí tí ìyá ọkọ mi fún un, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ láti Ìlọrin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lẹ bébà. Ó bi mí pé ta ni Àdùkẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́, mo sọ fún un pé oríkì ìyá-ìyá mi ni, pé ó ń ta èlùbọ́, pé ó ga. N kò tíì sọ ìyẹn fún un rí.

Mo ṣe ohun tí Ará Madrid sọ. Mo ní kó má sọ tiwa ní kíláàsì àyàfi tí wọ́n bá bi í, kó kọ́kọ́ béèrè tiwọn. Ó gbé ìwé náà lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà. Láíbìrì ní ti Sípáníìṣì náà, mo bá wọn yá a. Màmá àgbà kà á fún àwọn méjèèjì nídìí tábìlì oúnjẹ. Nígbà tí mo dé láti mú ọmọ mi, bébà ti gùn kọjá etí tábìlì. Orúkọ màmá náà pé márùn-ún, ó sì ń sọ ti ẹ̀kẹrin lọ́wọ́, ìlú tí ẹni náà ti wá àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Wọ́n fà mí lága. Ilẹ̀ ti ṣú ká tó dìde.

Ẹgbẹ́ wa dìbò: In the Time of the Butterflies wọlé pẹ̀lú ohùn márùn-ún, ohùn mẹ́ta fún Chronicle. Cabrera la ó kà lóṣù Kejìlá.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà (Chicago)

Ẹ ṣeun tí ẹ jábọ̀. Kí ẹgbẹ́ yín tètè béèrè fún Butterflies ní láíbìrì lónìí o, ẹ̀dà mẹ́jọ lẹ nílò, gbogbo èèyàn ló ń wá a lásìkò yìí. Tí wọn ò bá ní tó, ẹ ní kí wọ́n bá yín gba ìyókù láti ẹ̀ka mìíràn, wọn kì í gbowó fún un ní ọ̀pọ̀ ibi. Ó sì wà ní orí Libby, áàpù tí a fi ń yá ìwé láíbìrì, fún àwọn tó ń fi fóònù kàwé.